Ta Ni Ó Ni Odò Náà?

Ẹ kà nínú Bíbélì yín: Diutarónómì 11:10-17, Ìsíkíẹ́lì 29:1-9

Bí ẹ bá mọ ìlú Adó-Èkìtì dáadáa, ẹ ó mọ bí ó ti máa ń rí níbẹ̀ nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú gan-an, láàárín oṣù kìn-ín-ní sí oṣù kẹta ọdún. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni àwọn ọmọdé ti gbé kẹ́ẹ̀gì àti garawa lérí, tí àwọn ìyá wọn ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, tí wọ́n ń wo ẹnu géètì láti ilé kan dé òmíràn. Kànga tí wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́ ti gbẹ, omi ẹ̀rọ ìjọba kò sì dé àdúgbò wọn. Ilé ẹni tí ó ní kànga-dẹ̀rọ ni wọ́n ń wá.

Mo wà lára àwọn tí ó ní kànga-dẹ̀rọ. Èmi náà a máa ṣí géètì kí àwọn aládùúgbò lè wá pọn omi, ṣùgbọ́n mo ṣe òfin sí i: bí agogo méje bá ti lù, mo ti ti géètì mi nìyẹn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, màmá àgbàlagbà kan dé lẹ́yìn tí mo ti tì í. Kẹ́ẹ̀gì kan ṣoṣo ni ó mú lọ́wọ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi. Ẹsẹ̀ tó ń dùn mí ni kò jẹ́ kí n tètè dé." Mo dá a lóhùn láti inú ọgbà pé, "Màmá, ẹ má bínú, àkókò ti kọjá. Omi mi ni. Èmi ni mo fi owó ara mi gbẹ́ ẹ, èmi náà ni mo sì ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀ tí ń fà á." Màmá náà kò bá mi jiyàn. Ó ní, "Kò burú. Olúwa á máa bù sí omi yín." Ó gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni mo jókòó láti múra ẹ̀kọ́ Bíbélì tí èmi ni yóò kọ́ ìjọ ní ọjọ́ kejì. Orí kọkàndínlọ́gbọ̀n ìwé wòlíì Ìsíkíẹ́lì ni ẹ̀kọ́ náà bọ́ sí. Níbẹ̀ ni Olúwa ti rán wòlíì sí Fáráò, ọba Íjíbítì. Ẹ̀sùn wo ni ó fi kan ọba náà? Pé ó nà gbalaja sí àárín odò rẹ̀ bí ẹranko ńlá inú ibú, ó ń yangàn pé òun ni òun ni odò náà, pé ọwọ́ òun ni òun fi dá a fún ara òun. Ẹ̀yin ará, díẹ̀ ló kù kí ìwé bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ tí mo fi ẹnu ara mi sọ ní òwúrọ̀ ni mo ń bá pàdé ní ẹnu Fáráò ní alẹ́.

Èyí ni ó mú mi fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lónìí nípa odò, nípa òjò, àti nípa irú ilẹ̀ tí Ọlọ́run fi wá sí.

Ilẹ̀ tí odò kan ń bọ́

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ilẹ̀ Fáráò. Aṣálẹ̀ ni Íjíbítì. Ní ìlú Káírò, òjò ọdún kan gbáko kò ju nǹkan bí 25 mílímítà lọ. Ní Áswánì níhà gúúsù, ọdún lè yípo kí òjò gidi má rọ̀ níbẹ̀ rárá. Bí kì í bá ṣe ti Odò Náílì ni, ta ni ì bá kọ́lé síbẹ̀? Odò yìí gùn tó nǹkan bí 6,650 kìlómítà. Láti inú lọ́hùn-ún ní Áfíríkà ni ó ti ń ṣàn lọ sí àríwá, títí yóò fi wọ inú Òkun Mẹditaréníà.

Láyé àtijọ́, ní ọdọọdún, láti nǹkan bí oṣù kẹfà ni odò náà yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Tí ó bá fi máa di oṣù kẹjọ sí oṣù kẹsàn-án, ó ti bo oko mọ́lẹ̀. Nígbà tí ó bá fà sẹ́yìn, yóò fi ẹrẹ̀ dúdú sílẹ̀, ilẹ̀ ọlọ́ràá tí ènìyàn kàn lè fọ́n irúgbìn sí. Nítorí ẹrẹ̀ yìí ni àwọn ará Íjíbítì fi ń pe ilẹ̀ wọn ní Ilẹ̀ Dúdú, tí wọ́n sì ń pe aṣálẹ̀ tí ó yí wọn ká ní Ilẹ̀ Pupa.

Odò ni ó pín ọdún wọn sí mẹ́ta: oṣù mẹ́rin fún ìkún omi, oṣù mẹ́rin fún ọ̀gbìn, oṣù mẹ́rin fún ìkórè. Odò náà ni ọ̀nà wọn. Bí wọ́n bá ń lọ sí àríwá, omi a gbé ọkọ̀ wọn lọ. Bí wọ́n bá ń padà bọ̀ sí gúúsù, atẹ́gùn tí ń fẹ́ láti àríwá a ti ìgbòkun wọn. Nítorí pé ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo wọn tò sí, ó rọrùn fún ọba kan láti jókòó sójú kan kí ó sì máa pàṣẹ fún gbogbo ilẹ̀ náà. Wọ́n tilẹ̀ fín òṣùwọ̀n sára òkúta létí omi. Àwọn ìjòyè ọba a lọ wo ibi tí omi gùn dé, wọn a sì ti mọ̀ bóyá oúnjẹ yóò pọ̀ tàbí yóò wọ́n, àti iye owó orí tí wọn yóò bù fún àgbẹ̀. Ìkún odò náà fúnra rẹ̀ ni wọ́n sọ di òrìṣà, wọ́n sọ ọ́ ní Hapi, wọ́n ń rúbọ sí i.

Nígbà tí ìyàn bá mú ní Kénáánì, Íjíbítì ni wọ́n ń sá lọ. Ábúráhámù lọ síbẹ̀. Àwọn ọmọ Jákọ́bù gbé àpò lọ síbẹ̀ láti ra ọkà. Ẹni tí ó ní irú odò bẹ́ẹ̀ lẹ́yìnkùlé, kí ni yóò tún máa gbójú sókè fún?

Ṣùgbọ́n ẹ rántí àlá tí Fáráò lá ní ìgbà ayé Jósẹ́fù, nínú Jẹ́nẹ́sísì orí kọkànlélógójì. Láti inú odò ni màlúù méje tí ó sanra ti jáde. Ibo ni méje tí ó rù kan egungun ti jáde wá? Láti inú odò yẹn kan náà ni! Odò tí ń mú ọ̀pọ̀ wá, òun náà ni ó lè mú ìyàn wá bí Ẹni tí ó ni ín bá dá ọwọ́ dúró. Ọlọ́run ti ń kọ́ Fáráò ní ẹ̀kọ́ yìí tipẹ́. Kò fẹ́ gbọ́ ni.

Ilẹ̀ tí ń wo ojú ọ̀run

Nígbà tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì fẹ́ wọ ilẹ̀ ìlérí, Mósè pè wọ́n jọ, ó sì ṣe àlàyé kan fún wọn tí ó yẹ kí gbogbo Kristẹni máa kà lóòrèkóòrè. Ó wà nínú Diutarónómì orí kọkànlá. Mósè ní ilẹ̀ tí wọ́n ń lọ kò rí bí Íjíbítì tí wọ́n ti kúrò. Ní Íjíbítì, bí wọ́n bá gbin nǹkan, ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi ń darí omi sí i, bí ìgbà tí ènìyàn ń bomi rin ọgbà ẹ̀fọ́. Ilẹ̀ òkè àti àfonífojì ni èyí tí wọ́n ń lọ, ojú ọ̀run ni omi rẹ̀ ti ń wá. Olúwa fúnra rẹ̀ ni ó ń tọ́jú rẹ̀, ojú rẹ̀ kì í sì í kúrò lára rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún títí dé òpin.

Ẹni tí ó bá fi ojú ènìyàn wò ó lè sọ pé ìrẹ́jẹ nìyí. Ibi tí omi ti ń wá bá ènìyàn nílé ni a ti mú wọn kúrò, a wá ń kó wọn lọ síbi tí wọn yóò ti máa na ojú sókè kí òjò tó rọ̀! Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ ni Ọlọ́run ń mú wọn lọ. Ẹni tí ó ní odò lè gbàgbé Ọlọ́run fún ogún ọdún kí ó má mọ̀. Ẹni tí ó ń retí òjò kò lè gbàgbé rẹ̀ ju oṣù mélòó kan lọ. Mósè sì fi ìkìlọ̀ tì í: bí ọkàn wọn bá yí padà, ojú ọ̀run lè sé.

Èkìtì kete!

Bí mo bá ti ka ibẹ̀ yẹn, ilẹ̀ Èkìtì ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn. Àwọn baba wa sọ pé láti ara òkìtì, ìyẹn àwọn òkè tí ó pọ̀ lórí ilẹ̀ náà, ni orúkọ Èkìtì ti wá. Ẹni tí ó bá gba Ìkẹ́rẹ́ wọlé yóò rí Olósùnta àti Òrólè tí wọ́n dúró bí ẹ̀ṣọ́. Àárín òkè ni Ẹ̀fọ̀n Aláayè jókòó sí. Ní Adó fúnra rẹ̀, orí Òkè Ayọ̀bá ni wọ́n kọ́ ilé gómìnà sí, orí òkè Agidimo sì ni Christ's School tí Archdeacon Henry Dallimore dá sílẹ̀ ní 1933 wà.

Òkè pọ̀ ní Èkìtì, àfonífojì pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí odò ńlá kan tí ènìyàn lè pè ní Náílì. Odò wẹ́wẹ́ ni a ní: Ùrèje, Ajilosun àti Elemi ní Adó, àti ọ̀pọ̀ irú wọn káàkiri. Òjò ni ó ń bọ́ gbogbo wọn. Òjò tí ń rọ̀ ní Adó lọ́dún kan máa ń lé ní 1,200 mílímítà, èyí tó ju ti Káírò lọ ní ọ̀nà tó lé ní ogójì. Láti nǹkan bí oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá ni ó máa ń rọ̀, tí yóò sì sinmi díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ. Bí ó bá ti dá, ó dá nìyẹn. Abẹ́ ilẹ̀ wa kò sì lè tọ́jú omi púpọ̀, nítorí pé àpáta líle ni ó wà nísàlẹ̀. Inú ilẹ̀ rírọ̀ tí ó bo àpáta náà, àti inú àwọn ibi tí àpáta ti sán, nìkan ni omi lè sá pamọ́ sí. Ìdí nìyí tí kànga fi ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìdí náà nìyí tí ènìyàn fi lè ná owó gọbọi sórí kànga-dẹ̀rọ kí ó má bá omi, tí aládùúgbò rẹ̀ tí kò jìnnà sí i sì bá a.

Ilẹ̀ yìí náà tọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ bí Náílì ti tọ́ Íjíbítì, ṣùgbọ́n lọ́nà mìíràn. Odò kan so Íjíbítì pọ̀ lábẹ́ ọba kan. Òkè pín Èkìtì sí ìlú púpọ̀, kálukú pẹ̀lú ọba tirẹ̀, títí a fi ń sọ̀rọ̀ ọba mẹ́rìndínlógún ilẹ̀ Èkìtì. Kò sí ẹnì kan tí ó lè di ẹnu odò mú kí ó sì sọ pé òun ni olówó gbogbo wọn. Nígbà tí ìyà pọ̀, tí ó di dandan kí wọ́n para pọ̀, àdéhùn ni wọ́n bá ara wọn ṣe. Ibẹ̀ ni Èkìtìparapọ̀ ti wá, tí àwọn òkè wa sì di odi fún wọn nígbà Ogun Kírìjì. Nígbà tí wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní 1886, àwọn ìránṣẹ́ Ọlọ́run méjì, Ẹni-ọ̀wọ̀ Samuel Johnson àti Ẹni-ọ̀wọ̀ Charles Phillips, ni wọ́n ń rìn láàárín ibùdó ogun láti là wọ́n níjà. Ní 1893 ni ibùdó tú pátápátá. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 1996 ni a sì dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, tí Adó di olú-ìlú rẹ̀.

Ẹ má sì fi ojú kékeré wo omi wa. Odò Ọ̀ṣun tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Òṣogbo, Ìgèdè-Èkìtì ni orísun rẹ̀ wà, kò jìnnà sí Adó. Ògbèsè ṣàn kúrò lọ́dọ̀ wa lọ sí Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ó lọ darapọ̀ mọ́ Odò Ọsẹ̀. Ní Ìkógòsì, omi gbígbóná àti omi tútù jáde láti inú ilẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n sì pàdé. Ibẹ̀ ni Ẹni-ọ̀wọ̀ John McGee ti ìjọ Onítẹ̀bọmi ṣe ibùdó sí ní àwọn ọdún 1950. Nígbà ìsọjí ńlá 1930, omi ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé tọ Àpọ́sítélì Joseph Ayọ̀ Babalọlá lọ kí ó gbàdúrà sí i, bẹ́ẹ̀ Ẹ̀fọ̀n Aláayè ni wọ́n sin ín sí ní 1959. Ilẹ̀ tí ó mọ ohun tí omi jẹ́ níwájú Ọlọ́run ni ilẹ̀ wa.

Odò tí ó gbàgbé orísun rẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ibí yìí ni mo ń fà yín bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Níbo ni omi tí ń kún Náílì ti ń wá? Kì í ṣe Íjíbítì. Omi ìkún ọdọọdún yẹn, èyí tí ó ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún lọ, láti orí àwọn òkè gíga ilẹ̀ Etiópíà ni ó ti ń wá, níbi tí òjò ńlá ti máa ń rọ̀ láàárín ọdún. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ará: odò tí Fáráò ń pè ní tirẹ̀, òjò ni! Òjò tí Ọlọ́run rọ̀ sórí òkè ẹlòmíràn, ní ilẹ̀ tí Fáráò kò jọba lé lórí. Kò sí ìyàtọ̀ láàárín Íjíbítì àti Kénáánì níwájú Ọlọ́run. Ojú ọ̀run ni omi àwọn méjèèjì ti ń wá. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé ará Kénáánì ń rí i bí ó ti ń rọ̀, ará Íjíbítì kò rí i.

Ìjà yìí kò tíì parí títí di òní. Íjíbítì parí ìsédò ńlá Áswánì ní 1970, ìkún omi ọdọọdún sì dópin ní ilẹ̀ wọn. Etiópíà náà sé odò lókè lọ́hùn-ún, wọ́n ṣí ìsédò tiwọn ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, Íjíbítì sì ń kígbe pé omi òun ni wọ́n fẹ́ dí. Èyí ń sọ pé tèmi ni, ìyẹn ń sọ pé tèmi ni, Ẹni tí ń rọ òjò sì ń wo gbogbo wọn.

Kí á tó máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ jẹ́ kí á wo ẹ̀yìn ilé tiwa. Omi tí ó wà nínú kànga-dẹ̀rọ mi, ta ni ó ni ín? Mo sanwó fún àwọn tí ó gbẹ́ ẹ, òótọ́ ni. Mo ra páìpù, mo ra ẹ̀rọ, mo ra táǹkì. Ṣùgbọ́n omi ńkọ́? Òjò ni. Ó rọ̀ sórí òrùlé màmá àgbàlagbà yẹn, ó rọ̀ sórí oko ẹni tí n kò mọ̀ rí, ó rin ilẹ̀ wọnú, ó yọ́ gba inú àpáta tí ó sán, kí ó tó dé ibi tí ẹ̀rọ mi ti fà á. Ó lè jẹ́ pé omi tí ó rọ̀ sórí ilé màmá yẹn gan-an ni mo tì mọ́ ọn. Owó mi ra ihò. Kò ra òjò.

Nígbà tí Ọlọ́run sọ omi Náílì di ẹ̀jẹ̀, ìwé Ẹ́kísódù orí keje sọ fún wa ohun tí àwọn ará Íjíbítì ṣe: wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀ kiri létí odò láti wá omi mímu. Wọn kò bi ara wọn léèrè ìdí tí odò fi bàjẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé àwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. A da ìdọ̀tí sí ojú àgbàrá, ó wọ́ lọ sínú odò. A kọ́lé sí ojú ọ̀nà omi. A gé igi orí òkè tán. Odò tí àwọn ìyá wa ń pọn mu bàjẹ́ mọ́ wa lójú, kálukú wá ń gbẹ́ kànga tirẹ̀ sínú ọgbà, ó mọ odi gíga yí i ká. Kálukú ti di Fáráò kékeré pẹ̀lú Náílì tirẹ̀.

Ohun tí ẹ lè bi mí

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò sọ pé, "Ìjọba ni ó yẹ kí ó fún ará ìlú ní omi." Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ilẹ̀ Èkìtì ní ìsédò: Ùrèje wà ní Adó, Ero wà ní Ìkùn-Èkìtì, Egbe wà ní Egbe-Èkìtì. Kò yẹ kí Kristẹni máa gbàdúrà fún òjò lásán kí ó má bi àwọn tí a dìbò fún léèrè ohun tí ó dé tí òjò tí Ọlọ́run ti rọ̀ kò fi ń dé ẹnu ẹ̀rọ ní àdúgbò. Ẹ bi wọ́n. Ẹ bi wọ́n pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ má sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n òùngbẹ màmá yẹn kò lè dúró de ètò ìnáwó ọdún tí ń bọ̀.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé, "Epo ti wọ́n, iná kò sí, ta ni yóò máa fà omi fún gbogbo àdúgbò?" Èyí náà kì í ṣe irọ́. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni sọ ara rẹ̀ di gbèsè. Ṣùgbọ́n màmá yẹn kò bèèrè odò. Kẹ́ẹ̀gì kan ni ó bèèrè. Olúwa wa kò sì sọ pé agbada omi ni yóò ní èrè. Ife omi tútù kan ṣoṣo ni ó dárúkọ nínú Mátíù orí kẹwàá.

Ẹ̀yin alàgbà, ẹ̀yin olùṣọ́-àgùntàn, mo ní ọ̀rọ̀ kan fún yín. Òrùlé ilé ìjọ tí ó gùn ní mítà 20, tí ó sì fẹ̀ ní mítà 10, bí òjò 1,200 mílímítà bá rọ̀ sórí rẹ̀ lọ́dún, omi náà yóò tó 240,000 lítà. Ká ní ìdajì rẹ̀ tilẹ̀ ṣòfò, ìdajì tí ó kù ń lọ bí 4,800 kẹ́ẹ̀gì onílítà 25. Gbogbo èyí ni ó ń ṣàn dànù sí ojú àgbàrá bí a ti ń kọrin ọpẹ́ nínú ilé lọ́wọ́! Ẹ fi páìpù sí etí òrùlé, ẹ ra táǹkì, ẹ bò ó dáadáa, ẹ tọ́jú rẹ̀ de ẹ̀ẹ̀rùn fún fífọ aṣọ àti fífọ ilé, kí omi kànga lè ṣẹ́kù fún mímu. Ìjọ tí ó bá sì ní kànga-dẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kí ẹnu ẹ̀rọ kan wà ní ìta odi. Kí ìjọ fi díẹ̀ nínú owó àánú ra epo sí i. Ẹni tí ó bá wá pọn omi, ẹ má bi í bóyá ìjọ yín ni ó ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má bi í bóyá ó tilẹ̀ ń lọ sí ìjọ rárá. Ọlọ́run kò bi wá léèrè kí ó tó rọ òjò.

Ẹ tún rántí Ísáákì nínú Jẹ́nẹ́sísì orí kẹrìndínlọ́gbọ̀n. Ó gbẹ́ kànga, àwọn ará Gérárì wá jà á gbà, wọ́n ní àwọn ni wọ́n ni omi. Ó gbẹ́ òmíràn, wọ́n tún jà. Ó kúrò níbẹ̀, ó gbẹ́ ẹ̀kẹta, ìjà kò sì sí mọ́. Orúkọ tí ó sọ ọ́ ni Réhóbótì, nítorí pé Olúwa ti fi ààyè gbà wọ́n. Kànga tí ààyè wà ní etí rẹ̀, kànga ìbùkún nìyẹn. Èyí tí ó jẹ́ ìjà àti géètì títì ni ó wà ní etí rẹ̀, bí omi rẹ̀ tilẹ̀ mọ́ bí dígí, kò yàtọ̀ sí odò Fáráò.

Ọ̀rọ̀ ìparí

N kò kọ́ ìjọ ní ẹ̀kọ́ Ìsíkíẹ́lì ní ọjọ́ Àìkú yẹn kí n tó sọ fún wọn ohun tí mo ṣe ní ọjọ́ Sátidé. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, mo pe oníṣẹ́ omi, ó fa páìpù gba abẹ́ odi mi, ó fi ẹnu ẹ̀rọ kan sí ìta. Kò ná mi ní owó tí ó pọ̀. Ohun tí ó ná mi jù ni kí n gbà pé omi náà kì í ṣe tèmi.

N kò tíì rí màmá náà láti ọjọ́ náà. Mo ti bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń pọn omi, wọn kò mọ ilé rẹ̀. Bóyá ọ̀nà rẹ̀ jìn ju bí mo ti rò lọ, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí ń dùn ún. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbọ́ tí omi ń dà sínú kẹ́ẹ̀gì ní ìta ní òwúrọ̀, àdúrà rẹ̀ ni mo máa ń rántí: ó ní kí Olúwa máa bù sí omi mi. Ẹni tí mo lé ni ó ṣe àdúrà fún mi.

Olùkàwé mi, bí o bá ní omi, lọ wo géètì rẹ ní òwúrọ̀ ọ̀la. Bí kì í bá ṣe omi ni ìwọ ní, bóyá ọkọ̀ ni, bóyá iṣẹ́ ni, bóyá ìmọ̀ ìwé ni, tún bi ara rẹ léèrè: òjò orí òkè ta ni ó di odò tí mò ń pè ní tèmi yìí?

Ẹ jẹ́ kí á gbàdúrà: Olúwa Ọlọ́run wa, ìwọ tí ń rọ òjò sórí olódodo àti aláìṣòdodo, a dúpẹ́ fún ilẹ̀ òkè àti àfonífojì tí o fi wá sí. Dárí jì wá fún gbogbo ìgbà tí a ti pe ohun tí ó jẹ́ tìrẹ ní tiwa. Mú ọkàn Fáráò kúrò nínú wa. Fi omi sí ẹnu ẹ̀rọ àwọn aláìní, fi ìbẹ̀rù rẹ sí ọkàn àwọn alákòóso wa, kí o sì má ṣe sé ojú ọ̀run mọ́ ilẹ̀ wa. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.